Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ò Dé Yàrá Bàbá

Gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn nígbàkúùgbà tí mo bá béèrè bàbá mi lórí fóònù: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé yàrá bàbá." Màmá mi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo lè bá wọn parí rẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Odidi oṣù márùn-ún, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá mi kò ju gbólóhùn yẹn lọ.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe ní Àkúrẹ́ fún ọdún méjìdínlógún kí n tó kúrò nílé. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í lo gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó máa ń yí i padà, ó máa ń fi kún un, ó máa ń gbàgbé apá kan kó tó tún rántí. Irọ́ ni wọ́n máa ń ká dáadáa bí aṣọ inú àpótí.

Mo mọ̀ nípa aṣọ kíká. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn.

Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ìkíni ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń gbá ewé iwájú ilé rẹ̀. Mo kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́: "Well done, sà." Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan, mo kàn kí i ni. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà níta títí mo fi kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìkíni kù. Lákọ̀ọ́kọ́ mo pa "ẹ kú iṣẹ́" tì, lẹ́yìn náà "ẹ kú ìjókòó," lẹ́yìn náà "ẹ kú àtijọ́." Ó ku "hẹ́lò," tí kò nílò ìdáhùn.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan gbà mí síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni a ń fọ̀. Ènìyàn méjì ló ń ká ẹyọ kan: ìwọ di etí méjì mú, ẹnì kejì di etí méjì mú, ẹ pàdé láàárín, ẹ tún yà. Mo ti ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì pẹ̀lú obìnrin kan fún oṣù méje kí n tó mọ̀ pé ó ní ọmọ. Èmi tí wọ́n ń pè ní Akọ̀ròyìn nílé, tí mo lè mú kí òkúta sọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni wọ́n ṣì ń pè mí nílé. Mi ò sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún wọn. Mo ní "ọ́fíìsì" ni, mo sì jẹ́ kí bàbá parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo Isikan, àdúgbò rẹ̀ ní Àkúrẹ́, pé ìwé ìròyìn òyìnbó ni mò ń kọ.

Ọmọ Isikan ní Àkúrẹ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Oǹdó ló ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ màmá mi, ọmọ Oǹdó, aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí wa. Níta, èdè Oǹdó ni à ń bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ. Bí àwọn ẹbí bàbá bá ti Àkúrẹ́ wá, à ń gbọ́ "ulé" fún ilé, à ń gbọ́ "usu" fún iṣu. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ bàbá, Yorùbá ìwé nìkan ni. Bí ẹnu rẹ bá ṣì pẹ́nrẹ́n, tí o ní "ulé," kò ní nà ọ́. "Dìde," ni yóò wí. Wàá dìde, wàá nàró, wàá pe lẹ́tà rẹ̀ sókè, "I, l, é, ilé," kí o tó lè jókòó. Kódà bí o bá ń jẹun lọ́wọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti Isikan wá kí wa. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ni. A ń jẹ iṣu, ó sì ní òun fẹ́ tètè padà sí ulé. Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbé iṣu mì ná."

"O ti mọ 'iṣu.' Ó ku 'ilé.'"

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin dìde, ó pe lẹ́tà rẹ̀. Màmá mi sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bàbá padà sí ilé baba rẹ̀ ní Isikan, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn bí igbá àyà ọkùnrin, ó sì wà láàárín àwọn tó ń sọ "ulé" láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kò yí padà. Mi ò gbọ́ "ulé" lẹ́nu bàbá mi rí.

Nínú ilé tí mo wà níbí, àwa márùn-ún la pín in gbé. Yàrá tèmi wà lábẹ́ òrùlé gan-an, lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Òrùlé náà dagẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àárín yàrá nìkan ni mo ti lè nàró. Bí mo bá sún sápá kan, orí mi á kan pákó. Ráútà tó ń fún gbogbo ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìta. Agbára rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ pe ilé, orí àtẹ̀gùn ni mo ń jókòó sí. Àwọn ará ilé ń gbà lókè orí mi kọjá, wọ́n ń ní "sọ́rì," èmi náà ń ní "sọ́rì," màmá mi á sì bi mí láti Isikan pé, "Ta lo ṣẹ̀?"

Kwame ló yọ mí. Ará Kumasi ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì, yàrá rẹ̀ wà ní àjà kejì. Ó fún mi ní ráútà àtijọ́ kan tó ní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú wáyà gígùn kan. Ó ní kí n fa wáyà láti ara ti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí n so ó mọ́ èyí, yàrá mi á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Ó ní kí n dúró de òun. Mi ò dúró. Mo fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo so ó, mo tan iná rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé dákú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé nísàlẹ̀ sáré gòkè wá, ẹ̀kọ́ tó ń gbọ́ lórí kọ̀ǹpútà ti já. Ó bi mí pé kí ni mo fọwọ́ kàn. Mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, wáyà náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Kwame dé, ó wo ẹ̀rọ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, èmi ni mo tú u: "O ti fi baálé méjì sínú ilé kan."

Ó ṣàlàyé fún mi. Gbogbo fóònù tó bá wọlé ní láti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ráútà, bí àlejò ṣe ń gba yàrá lọ́wọ́ baálé. Ráútà méjèèjì ń pín yàrá. Èyí tó burú jù ni pé nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Fóònù kan ilẹ̀kùn, ẹni méjì dá a lóhùn, kò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé.

"Èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni baálé," Kwame wí. "Yí nọ́ńbà ti tuntun padà. Kó má pín yàrá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá wá bá a, kó júwe ọ̀dọ̀ baálé fún un."

Mo wọ inú ẹ̀rọ náà láti orí fóònù mi. Nọ́ńbà rẹ̀ parí pẹ̀lú ení, mo sọ ọ́ di èjì. Mo pa ibi tó ti ń pín yàrá. Lẹ́yìn náà, Kwame ní kí n fún un ní orúkọ ti ìsàlẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù ti ìsàlẹ̀, kí fóònù lè máa rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì láìmọ̀ pé òun ti kúrò níbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ìsàlẹ̀ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo pe màmá mi, mo sì bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹnì kankan kò gba orí mi kọjá.

Mo ronú lórí baálé méjì yẹn nígbà tí mò ń ká aṣọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, tó sì fẹ́ kí ilé rójú, òun ni yóò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Mo ti ṣe é láìmọ̀. Mo ti gé orúkọ mi kúrú kí wọ́n lè pè é. Mo ti gé ìkíni mi. Mi ò rí i bí ìwọ̀sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nílé náà, níbi tí mo ti jẹ́ ọmọ, àwọn ló ń pinnu ohun tí mo lè mọ̀ àti ohun tí mi ò gbọdọ̀ mọ̀, bí ẹni pé àlejò ni mí ní ibi méjèèjì.

Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì nílé iṣẹ́, ọ̀gá mi sì fẹ́ kí n mú ọjọ́ rẹ̀ wá kí oṣù tó parí. Bí ara bàbá bá le, màá fi í pamọ́ di Àjíǹde ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá le, mo gbọ́dọ̀ lọ báyìí. Ìdí tí mo fi fẹ́ rí i nìyẹn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

"Orúnkún ló ń dùn ún díẹ̀," Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Ijapo Estate ló ń gbé. "Kò lè máa rìn wá sí pálọ̀."

"Ẹ gbé fóònù lọ bá a."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé yàrá bàbá."

"Ẹ pè é lórí láìnì lásán, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

"O mọ̀ pé kò fẹ́ fóònù létí mọ́. Ó ní ó ń ké mọ́ òun. Ó ní ojú rẹ ni òun fẹ́ rí."

Ìdáhùn náà tẹ́jú. Ihò kan kò sí nínú rẹ̀. Mo wá ní, "Ó dáa. Ẹ ra ráútà kejì. Èmi ni màá sọ bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀."

Ó wá ní, "Akọ̀ròyìn, o ti di ẹlẹ́rọ?"

"Mo ti di ẹlẹ́rọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ìpàdé wà ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà, iná ò sí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ta ráútà ti lọ sí oko ní Ìjù, bí ẹni pé òun nìkan ló ń tà á ní gbogbo Àkúrẹ́. Nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ rà á níkẹyìn, wáyà tó rà mọ́ ọn kò gùn ju apá méjì lọ. Kò lè kúrò nínú pálọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni mo bi í nípa wáyà yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ra kúkúrú ni. Èyí tó gùn wà níbẹ̀. Mo gbé e, mo tún dá a padà."

Mi ò bínú sí i. Ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá wà lẹ́yìn odi, a kì í sọ ohun tí yóò gbé e dìde níbi tó jókòó sí fún un. Bí ó bá ti di ohun tí a lè fi ọpẹ́ sí, a ó sọ fún un. Bí ó bá ti di ohun tí a ti sin, a ó rán ènìyàn sí i. Láàárín méjèèjì, "ara le" ni. Èmi pẹ̀lú ń ṣe tèmi, mo ní ọ́fíìsì ni mo ń lọ.

Ní Sátidé kan, lọ́sàn-án, màmá mi ló pè mí fúnra rẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀wọ̀.

"Akọ̀ròyìn, nǹkan yìí wà lórí tábìlì níwájú mi. Sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Màmá, ẹ̀yin?"

"Ṣé mi ò lọ́wọ́ ni? Mo rán yunifọ́ọ̀mù fún ìdajì Oǹdó. Kí ni wáyà yàtọ̀ sí òwú?"

"Wáyà náà kúrú, màmá. A ò ní lò ó."

"Mo rí i. Ẹni tó ra èyí, ká ní ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ì bá ti jẹ rúlà lórí ọwọ́."

Mo ti ronú ọ̀nà mìíràn. Ráútà kejì lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti inú afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, kó sì tì í síwájú, bí a bá gbé e sáàárín ọ̀nà, tó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù ti àkọ́kọ́. Mo ní kí màmá gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀, lórí àpótí tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá bàbá, kó fi wáyà iná rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa àpótí nílẹ̀.

"Ó ti tan iná. Pupa ni."

"Yóò pupa títí yóò fi rí baálé. Màmá, ẹ ó nílò fóònù kejì láti wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí láìnì."

"Mo ní ti bàbá rẹ níbí."

Mo ṣàkíyèsí ìyẹn. Fóònù bàbá wà ní pálọ̀, bàbá sì wà lẹ́yìn. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé ìròyìn kó tó kà á tán.

Mo tọ́ ọ sọ́nà. Ó ń ka ohun tó rí fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wọn aṣọ. A yan ìlà tó ní kí ẹ̀rọ náà máa gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òmíràn. Orúkọ ráútà pálọ̀ yọ síta.

"Ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù."

"Kí ni páásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Mi ò mọ̀. Ẹni tó wá gbé ti àkọ́kọ́ kalẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù wa. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ ló wà nílé, òun ni ẹni náà sì bi. Ó ní bàbá ní kí òun fi 'ilé wa Isikan' ṣe é, kí òun pa á pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó jọ bàbá. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, màmá. I, l, e, w, a. Kí ẹ wá fi Isikan tì í, láì fi àyè sílẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi I ńlá bẹ̀rẹ̀."

"Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

A fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ Isikan. A yọ "wa" kúrò. A dá "wa" padà. Ìgbà mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà kọ̀ fún wa. Màmá mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ lọ bi bàbá."

Ó ń tún wáyà ẹ̀rọ náà tò lórí àpótí.

"Ẹ kàn bi í. Òun ló sọ ọ́."

"Bí mo bá dé ẹ̀yìn, ìwọ á já."

"Ẹ tún mi pè."

Ó ń lọ. Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi, ojú kan ṣí, ojú kan pa dé. Ìpè náà já.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó pè mí padà. Kò wo ojú mi.

"Kì í ṣe bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ní 'ulé wa.'"

"Ilé wa."

"Ulé. U ni. Mo ní kó tún un sọ. Ìgbà mẹ́ta ló sọ ọ́." Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "U, l, e, w, a." Ó dúró díẹ̀. "Iná ti di búlúù, Akọ̀ròyìn. Ó ti rí baálé."

Ohun tí mò ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Mi ò lè yọ̀. Ẹnì kan ti bi bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ kan láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bàbá mi sì ti dáhùn pé "ulé." Ẹni náà kọ ohun tó gbọ́. Òun ni oníròyìn tó péye jù lọ nínú gbogbo wa. Ẹ̀rí náà sì ti wà nínú pálọ̀ wọn láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ń fi í pè mí.

"Màmá," mo ní, "ìgbà wo ni ahọ́n bàbá padà sí Àkúrẹ́?"

Ó jókòó sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

"O ti mọ̀."

"Ẹ sọ fún mi."

"Kó tó di pé wọ́n gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé ni. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè gbé ife. Apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹnu náà. A gbé e lọ sí ọsibítù. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà, Yorùbá ìwé kò bá a padà. Ti ìyá rẹ̀ ló padà. Bó bá ń pe omi, bó bá ń pe ilé, bí ọmọ ọdún mẹ́ta ní Isikan. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ó ń tì í lójú. Ìyẹn ló fi ní kí a má sọ fún ọ. Kì í ṣe tìtorí àìsàn. Ó ní o ò gbọdọ̀ gbọ́ òun báyẹn. Ó mú mi búra."

"Ẹ sì gbà láti gbé ráútà kalẹ̀."

"Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ. Kò ní n kò gbọdọ̀ so."

Mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní, "Ìwọ náà, má fi ojú olóòótọ́ wò mí. O ní ọ́fíìsì lò ń lọ. Ó tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń wo ọwọ́ rẹ nínú fóònù yìí. Ojú àtàǹpàkò rẹ ti yi. Ọwọ́ tó ń ká aṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣé aránṣọ ni kò ní mọ̀ ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni, màmá."

"Mo mọ̀. Ṣé wọ́n ń ká a ní gígùn tàbí ní ìbú?"

"Ní gígùn lákọ̀ọ́kọ́."

"Wọ́n gbọ́n." Ó dìde. "Ó yá. Má sunkún. Bí o bá sunkún, ó máa yí ojú sógiri, a ò sì ní rí i mọ́ títí di ọ̀la."

Ó gbé fóònù dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rí ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, mo rí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí ilẹ̀kùn onígi tí a máa ń fi ìka ṣí nígbà ọmọdé, bí a bá ti Oǹdó wá kí ẹbí. Níbi ilẹ̀kùn yẹn ni gbogbo ìpè ti máa ń já. Àwòrán náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró dáadáa. Fóònù ti kúrò lọ́dọ̀ ráútà kìíní, ó ti bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti rù. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí ènìyàn gbàgbé síbẹ̀. Ó rí mi nínú fóònù. Ó wo màmá. Màmá ní, "Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló sọ."

Ó pẹ́ kó tó wojú mi. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ kú ara líle. Ẹ kú àtijọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, gbogbo èyí tí mo ti gé kúrò.

Ó mi orí. Ó ń wá ọ̀rọ̀. Apá òsì ẹnu rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. "Ìwé... ìròyìn... ńkọ́?"

"Mi ò kọ ìwé ìròyìn níbí, bàbá. Aṣọ ni mò ń ká. Ilé ìfọṣọ ni."

Ó wò mí. Mi ò mọ bí yóò ti rí lára rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí ẹsẹ̀, ó tún wò mí, ó mi orí lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó gba ìdáhùn wọlé, tó sì fi àmì sí i.

"Mò ń bọ̀," mo ní. "Mi ò ní dúró di Àjíǹde. Lọ́jọ́ Ajé ni màá mú ọjọ́ ìsinmi mi fún ọ̀gá mi."

"Ń bọ̀... níbo?"

Mo fẹ́ kó mọ̀ pé kò sí ohun ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ tó bá a padà. Mo fẹ́ pàdé rẹ̀ níbi tó wà. Mo ní, "Ulé, bàbá. Mò ń bọ̀ ní ulé wa."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó na ìka kan.

"Dìde," ó wí.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, níbi tí òrùlé ti lọ sílẹ̀. Mo mú fóònù dání, mo bọ́ sáàárín yàrá, níbi kan ṣoṣo tí mo ti lè nàró. Mo dúró ṣánṣán.

"I," mo ní. "L. É."

Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ilé."

"Jókòó," bàbá wí.